Àtinúwá

Èmi ni mo ń kọ lẹ́tà náà.
Ẹ má wo ọ̀gá, ẹ má wo àlùfáà tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀;
èmi ni, Attracta, akọ̀wé,
tábìlì mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn
níbi tí atẹ́gùn Leitrim ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Òbí wa ọ̀wọ́n," ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀,
"ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ níhìn-ín."
Lẹ́yìn náà ni "ṣùgbọ́n".
Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń kọ ọ́,
n kò tíì rí ibi tí mo lè gbà yọ "ṣùgbọ́n" yẹn.

Ọrẹ àtinúwá ni a pè é.
Àtinúwá: ohun tó ti inú ẹni wá,
bí ẹ̀rín, bí omijé,
bí orúkọ tí ìyá fi ń ké pe ọmọ rẹ̀ lóru.
A wá kọ iye rẹ̀ sábẹ́:
ọgọ́fà yúrò fún ọmọ kan, igba bí wọ́n bá jẹ́ méjì,
a sì kọ ọjọ́ tí inú gbọ́dọ̀ ti mú un wá.

Owó ìjọba dé nígbà tó wù ú.
A fi san iná mànàmáná, a fi ra bébà ìnùdí,
a fi tún ẹ̀gbẹ́ kan òrùlé ṣe lókè yàrá àwọn ọmọ kékeré;
ẹ̀gbẹ́ kejì ń dúró de ọdún tó ń bọ̀,
bó ṣe ń dúró ló ń jò.
Owó tán. Òtútù ò tán.
Ọ̀gá wa, Nuala Tiernan, ti ọ̀pá gígùn bọ táǹkì epo,
ó wo ibi tó tutù lára ọ̀pá, kò sọ nǹkan kan.
Aago mọ́kànlá, ó pa ẹ̀rọ amúlégbóná.

Mo mọ ẹni tó san. Kò dára kí ènìyàn mọ̀ ọ́n.
Oníṣègùn eyín san kí tàdáwà lẹ́tà tó gbẹ.
Ìyá Zlata, tó sá fún ogun wá láti Kherson,
ń mú yúrò márùn-ún wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ike bọ́tà,
ó ń bèèrè risíìtì bí ẹni tí a lè lé.
Fintan Geelan kò ní kọ́bọ̀. Ó wa katakata dé,
ó da ẹrẹ̀ àbàtà gbígbẹ ti ògiri wa,
irú èyí tí àwọn baba wọn fi ń dáná:
"Èyí ló ti inú mi wá," ló wí.
Epo nìkan ni ẹ̀rọ wa ń jẹ.
Ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó dúpẹ́.
Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní,
òjò ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀ padà.

Wọ́n ní ní ilé-ìwé gíga ọ̀nà Sligo,
ọmọ tí òbí rẹ̀ ò san kì í gba kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé.
A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín.
Àpò-lẹ́tà nìkan la ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, níṣojú kíláàsì,
àpò aláwọ̀ ewé, tó bá jẹ́ ìránnilétí.
Ọmọ ọdún méje mọ àwọ̀.

Mẹ́tàdínlógójì ni mo dì ní oṣù kẹta.
Mo tẹ orúkọ tó gbẹ̀yìn bí mo ṣe tẹ àwọn yòókù.
Cathal, ọmọ mi, gbé e wálé.
Òkò tí mo sọ sọ́jà.

Ọkọ mi, tí ilé-iṣẹ́ pákó ti dá dúró láti Kérésìmesì,
tú u sórí tábìlì, ó kà á sókè,
ó dúró lórí ìlà àkọ́kọ́.
"Ọ̀wọ́n," ló wí. Ó tún un wí.
"Èwo ló wọ́n, Attracta, èmi ni tàbí owó?"

Kẹ́tù ń súfèé. Mo dìde lọ pa á.