Ìṣó Kan

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà àárọ̀ ní ilé-ìwé wa ní Láfíàjì,
Tíṣà Medérò a gbé agolo Ofatín sórí tábìlì.
Ó ti fi ọ̀bẹ la ìdérí rẹ̀ lẹ́nu
tóóró, bí ojú ẹni tí oorun ń kùn.
"Ẹ̀yin ọmọ, ogun dé. Ọkọ̀ òfuurufú la fẹ́ rà."
A tò gẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn mú kọ́bọ̀ dání.
Ṣẹ̀gílọlá, ọmọ olówò kòkó, mú odidi tọ́rọ́,
ó jẹ́ kó dún dáadáa kó tó kúrò níbẹ̀.
Èmi mú ẹ́pìnnì tó yẹ kí n fi ra ọ̀jọ̀jọ̀.
Ebi pa mí dọ̀sán, àmọ́ mo ń rìn bí ẹni tó lọ́kọ̀.

Lábẹ́ igi fúrúùtù la ti pín ọkọ̀ náà láàárín ara wa.
Ṣẹ̀gílọlá ló nìyẹ́ ọ̀tún, Fẹ̀líṣíà ló ni táyà.
Wọ́n ní ẹ́pìnnì ò lè rà ju ìṣó kan lọ.
Mo ní kò burú,
ìṣó ni yóò di gbogbo rẹ̀ mú.

Ìyá mi gbọ́. Ó ń bọ̀ láti orí ìlà iyọ̀,
ife kan, ọjọ́ mẹ́ta, igbe àti ìgbọ́nwọ́.
"Ọba tó lòkun," ó ní, "òun náà ló ń tọrọ ẹ́pìnnì lọ́wọ́ ọmọ mi?
Ṣé inú òkun ọ̀hún kọ́ niyọ̀ wà ni?"
N kò mọ èsì. Orin ọba ni mo mọ̀, mo mọ̀ ọ́n dópin,
bí n kò tilẹ̀ mọ ìtumọ̀ ẹsẹ̀ kejì.
Mo mọ̀ pé Bùràí ẹ̀gbọ́n mi wà ní Bọ́mà,
nínú igbó tí òjò kì í dá,
àti pé bí ọkọ̀ wa bá tètè fò, yóò bá a níbẹ̀.

Ó di ọjọ́ Ẹtì kan, kò sí ẹ́pìnnì. Kò síyọ̀ náà.
Mo jí ṣáájú gbogbo ilé,
mo fi eyín òòlù fa ìṣó kan yọ lára ìlẹ̀kùn wa,
mo fi iyanrìn etí ọ̀sà fọ̀ ọ́ títí ó fi dán.
Nígbà tó já sínú agolo, ìró rẹ̀ yàtọ̀.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà Medérò kò rín.
Ó da agolo náà sórí tábìlì,
ó fi ìka kan ya ìṣó sọ́tọ̀,
ó ṣíwèé, ó kọ ọ́:
*Ràfátù Àńjọọ́rìn, ìṣó kan.*

Ogun parí. Bùràí dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń wọ́,
àpótí onírin kan, àti ìdákẹ́jẹ́ tí kì í gba ìbéèrè.
Ọmọdé ni mí, mo bi í:
Bùròdá, ṣé ọkọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ yín? Ṣé ẹ rí ìṣó mi?
Ó wo ìlẹ̀kùn tó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Ó pẹ́.
"Mo rí i. Abẹ́ apá òsì ló wà. Ó ń dán."

Mo ti dàgbà tó láti mọ irọ́.
Tíṣà ti kú, kò sẹ́ni tó mọ ibi tówó agolo wọ̀.
Ẹlòmíràn ì bá bínú. Èmi ń rò ó pé
ọkùnrin tí wọ́n gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀ ní Bọ́mà
ṣì wá nǹkan kan rí nínú àpò òfìfo, ó fi ta mí lọ́rẹ.

Bí ọyẹ́ bá dé, ìlẹ̀kùn yẹn a máa han.
Àwọn ọmọ mi ní káwọn pe káfíńtà.
Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀:
ìṣó rẹ̀ ò tíì tojú ogun bọ̀.