Òǹtẹ̀ Alààyè

Lóṣù kejì, tí yìnyín ṣì wà lórí òrùlé,
ni lẹ́tà máa ń dé láti Jámánì àti láti Faransé.
Àwa mọ́kànlélọ́gọ́rin ló kù lábúlé yìí, lórí òkè Potogí,
mọ́kàndínlógójì nínú wa ló sì ń gba lẹ́tà ọ̀hún.
Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀:
Ṣé o ṣì wà láàyè?

Èmi Belmiro, akọ̀wé abúlé, ni mo máa ń bá wọn dáhùn.
Wọ́n á jókòó síwájú mi lórí àga onígi,
wọ́n á ṣí fìlà bí ẹni tó wá síwájú adájọ́.
Màá wò wọ́n lójú.
Màá ki òǹtẹ̀ bọ tàdáwà, màá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé,
gbàù!
Ó di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún kú lójú ìjọba.
"Wò mí dáadáa o, Belmiro," ni Abílio máa ń wí,
"kò dá èmi gan-an lójú láàárọ̀ yìí."

Etelvina ìyàwó rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín sí i.
Ọdún mọ́kànlá ló fi nu àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́fà ní Faransé,
ọdún mẹ́sàn-án níbi ìfọṣọ ilé ìwòsàn ní Jámánì.
Ọdún mẹ́ta wà láàárín méjèèjì
tí ọ̀gá rẹ̀ ń yọ owó nínú owó oṣù rẹ̀
tí kò san án síbi kankan.
A kọ lẹ́tà méje. Wọ́n ní àwọn ò rí orúkọ rẹ̀.
Ọdún mẹ́ta! Ó bímọ kan nínú rẹ̀,
ọmọ náà ti ń hu ewú báyìí,
síbẹ̀, lójú ìwé, kò sẹ́ni tó gbé ọdún wọ̀nyẹn.

Owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń pè é.
Ẹ̀yìn tó tẹ̀ lórí àtẹ̀gùn onílùú
wá di ẹ̀yìn tó ń wá ògiri tí yóò tì.

Lọ́dún yìí, ìwé méjì ló mú wá.
Ọ̀kan tirẹ̀.
Èkejì ti Abílio,
tí a sin lọ́jọ́ Jímọ̀, tí èmi náà wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀.
Ó ti fọwọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n níbi lẹ́tà tó gbẹ̀yìn.
"Ọjọ́ Ajé ló fọwọ́ sí i," ni obìnrin náà wí.
"Ó wà láàyè nígbà tí wọ́n béèrè.
Yìnyín ni ò jẹ́ ká lè sọ̀ kalẹ̀ wá bá ẹ."

Òótọ́ ni. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni.
Mo yẹ ìwé náà wò síwá sẹ́yìn,
mo ń wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé
ó wà láàyè nígbà tí ẹ béèrè.
Kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí.

Òǹtẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi.
Owó ọ̀hún tó igi ìdáná títí òtútù yóò fi lọ.
Mo rántí ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò dá padà.

Mo gbé òǹtẹ̀ sílẹ̀.
"Ìyá," mo ní, "ẹ̀tọ́ opó wà. Ìwé rẹ̀ gùn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."
Kò fèsì. Ó gba ìwé ọkọ rẹ̀ padà,
ó fi ìka nu ojú ibi ìfọwọ́sí náà jẹ́jẹ́,
láti òkè wá sísàlẹ̀, bí ẹni ń nu àtẹ̀gùn,
ó ká a, ó kì í bọ àyà.

Lẹ́yìn náà, ó ti tirẹ̀ sọ́dọ̀ mi.
"Wò mí dáadáa o, Belmiro."

Mo wò ó. Mo wò ó pẹ́.
Tàdáwà ti ń gbẹ.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ̀ ẹ́ kó tó hàn.