Àfikún Mẹ́ta, Máàkì Méjì

Òru ni dátà máa ń dínwó,
láti aago méjìlá títí ládánì fi pe asùbáà,
nítorí náà òru ni mo fi ń fa àfikún wálé
bí ẹni ń fa omi kànga ní Òkèlèlè,
fóònù mi lójú fèrèsé, ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dà mí láàmú, "Múìnà, èwo ló dáa nínú wọn?"
ẹ jókòó. Mo ti gbá a tán.
Ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ gbèsè yín sí ni mo kọ ọ́ sí.

Ẹ mọ géèmù náà fúnra rẹ̀:
ìbọn ní òkè, ìbọn nílẹ̀,
ènìyàn orí bàǹbà, ẹsẹ̀ tín-ín-rín,
ilà dúdú yí olúkúlùkù wọn ká
àfi bíi pé bàbá mi àgbà ló ti gègé bọ tàdáwà,
tó yà wọ́n sórí wàláà,
tó gbàgbé láti fọ̀ wọ́n nù.
Ẹni tí ìbọn bà níbẹ̀ kì í ṣẹ̀jẹ̀,
ṣe ló ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìkòkò tí iná pa.
Ìyá mi, amọ̀kòkò, wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní,
"Ọwọ́ ẹni tó mọ wọ́n ni kò dáa."
Ó gbà kí n ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Àfikún kìíní: Ìlú Olú.
Olú tó ga ju ilé alájà mẹ́ta,
tí ọmọ olú ń já bọ́ lábẹ́ rẹ̀ tàdá-tàdá.
Baálẹ̀ wọn, ìgbín kan tó fi awò sójú,
á rán yín níṣẹ́, ẹ óò sáré, ẹ óò làágùn,
ẹ óò gbé e dé, á ní, "Ta ló bẹ̀ yín?"
Mo rẹ́rìn-ín títí Kúránga fi bi mí bóyá ara mi dá.
Wákàtí mẹ́fà gbáko, kò sú mi.
Ìbọn tuntun mẹ́rin; ọ̀kan ń sín kó tó dún.
Máàkì: mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.
Méjì tí mo yọ, ti afárá ẹ̀yìn ilé ìgbín ni.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo já sí ibi tí kò nísàlẹ̀.

Àfikún kejì: Pápá Àjàkú.
Ẹ má rà á.
Ògiri mẹ́rin. Ẹ pa ogún, ogójì wọlé.
Ẹ pa ogójì.
Ta ni wọ́n? Kí la fi ṣẹ̀ wọ́n?
Kò sí ibi ìkẹ́rùsí, kò sí ẹni tí a lè kí níbẹ̀.
Ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ náírà!
Mo fi ṣírò wàrà, mo fi ṣírò owó màrúwá dé Tanke,
inú ń bí mi síi.
Mi ò ní purọ́, lọ́jọ́bọ̀ tí ilé kéwú bá sinmi,
àwọn ọmọ ń pariwo lórí ẹ̀, wọ́n sì ń sanwó.
Síbẹ̀, mẹ́ta.

Àfikún kẹta: Ọjà Ìsàlẹ̀ Òkun.
Ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún wọlé, ó ku ẹyọ kan,
wọ́n mú iná lọ. Ilẹ̀ mọ́. Dátà òru tán.
Àwòrán ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìkan la rí:
obìnrin kan gbé agbọ̀n ẹja rù,
ìdí ìbọn yọ láàárín ẹja,
ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Sààdú ní òun ni ọ̀tá.
Kúránga ní ìyàwó ìgbín ni, iṣẹ́ tí ọkọ gbàgbé ló ń jẹ́ lọ.
Wòrú àbúrò mi, tí kì í sanwó, tó kàn ń wòran,
ní ẹja ló ń tà,
ológbò ló ń fi ìbọn lé.
"Ológbò nínú òkun?"
Ìjà bẹ́.
Ọjọ́ mẹ́ta rèé, ẹnu wọn ò tíì pa,
kò sì sẹ́ni tó ní kí n gbé Pápá Àjàkú sí i.

Máàkì rẹ̀: mo fàyè sílẹ̀.
Mo ti ra dátà. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú.
Wòrú ti sùn sórí bẹ́ńṣì,
ó ní kí n jí òun
tí obìnrin náà bá yíjú.