Ọkọ̀ Ogun ní Yàrá Ẹ̀yìn

Oṣù mẹ́rin ló kù kí n gbé bírò sílẹ̀
ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Àjàṣẹ́.
Ọmọdékùnrin tó máa gbapò mi ti ń wo àga mi
bí ẹni tó ń wo ẹran lórí iná.
Mo ní kó fara balẹ̀, àga kì í sá.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé,
gbà, gbà, gbà,
lẹ́tà ń lọ sí Dàkáà, lẹ́tà ń lọ sí Màséè,
èmi ò kọjá Kútọnú.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, mo di akankọ̀.
Yàrá tí ọmọ wa fi sílẹ̀ nígbà tó lọ sílé ọkọ,
ọkọ̀ ló ń gbé ibẹ̀ báyìí.
Ráfátù ìyàwó mi ní,
ọ̀kan gba ọmọ, èkejì gba yàrá,
kí ló wá kù fún òun?

Mítà méjì àbọ̀ ni, láti imú dé ìdí.
Ohun tó gùn tó ọgọ́rùn-ún mítà lójú òkun
ni mo ká kò di mítà kan lórí tábìlì.
Atukọ̀ tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́
kò gbọdọ̀ ga ju hóró ẹ̀wà lọ.

Egungun ìhà rẹ̀, pákó àpótí ẹja gbígbẹ:
lọ́jọ́ òjò, ọkọ̀ ogun mi a máa rùn bí ọbẹ̀.
Awọ rẹ̀, agolo wàrà tí mo là, tí mo fi òòlù tẹ́.
Òpó rẹ̀, irin agboòrùn.
Okùn rẹ̀, òwú inú agbọ̀n ìránṣọ Ráfátù
(ó mọ̀; ó ń kà wọ́n).
Ìbọn rẹ̀ ńkọ́?
Bírò tó ti gbẹ ni.
N kò da ọ̀kan nù láti ọjọ́ tí mo ti wọṣẹ́.
Èyí kọ orúkọ àwọn ìyá tó wá gba owó
tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti Gàbọ́ọ̀nù.
Èyí kọ wáyà òkú kan, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Gbogbo wọn ló gbé ẹnu sókè báyìí.
Ìbọn tí yíǹkì ti tán nínú rẹ̀,
ta ni yóò pa?

Wọ́n ń bi mí: kí ló dé tó fi jẹ́ ọkọ̀ ogun?
Ọkọ̀ apẹja ò dáa ni?
N kò lésì gidi.
Ọmọ ọdún méje ni mí,
bàbá mi gbé mi kọ́rùn ní èbúté Kútọnú,
nǹkan aláwọ̀ eérú kan dúró níwájú wa,
ó ga ju mọ́ṣáláṣí lọ.
Bàbá mi tí kì í panu mọ́, ó panu mọ́.

Àná, ọjọ́ Àìkú, a yọ férémù fèrèsé kí ó tó lè jáde.
Ọmọlanke la fi gbé e dé etí ọ̀sà.
Húnsù apẹja fi àjẹ̀ rẹ̀ ti ara:
“Ráímì, ogun ta lo ń lọ jà?”
Mo ní ogun ìjókòó.

Ó wọmi.
Ó fì sí òsì bí ọ̀mùtí tó ń wá ògiri.
Àwọn ọmọ etí omi rẹ́rìn-ín títí.
Mo fi òkúta sí ọ̀tún. Ó ṣì fì.
Húnsù tú òjé mẹ́ta lára àwọ̀n rẹ̀. Ó ṣì fì.
Ni Ráfátù bá ti ọwọ́ bọ àpò mi,
ó yọ òǹtẹ̀ àtijọ́,
èyí tí èèkù rẹ̀ là, tí wọ́n ní kí n sọ nù,
ó sì rọra tẹ́ ẹ sábẹ́ pákó ní apá ọ̀tún.

Ọkọ̀ náà mí.
Ó dúró ṣánṣán, ó kọjú sí afárá
bí ẹni tí wọ́n pè.

Ìlà pupa tí mo fi ọ̀dà fà yí i ká
bá omi mu níwájú, ó bá a mu láàárín.
Ẹ̀yìn nìkan ló ṣì fúyẹ́.
Mò ń wá nǹkan tó wúwo tí màá fi síbẹ̀.