Tòkunbọ̀ Kò Mọ Òkè

Ìwọ tí wọ́n bí nínú òtútù,
tí ẹnìkan fi ń lọ gbá gọ́ọ̀fù ní ìlú tí n kò mọ̀,
awọ ni wọ́n fi bo àga rẹ,
igi dídán ni wọ́n fi ṣe àyà rẹ lọ́ṣọ̀ọ́.
Ta ló sọ fún ọ
pé wàá máa fa ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré
láti Ọbántokò dé Ìdí-Abà,
kí ọmọ léébìrà máa fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀kùn rẹ pé,
"Ìyá Ìbídùn, ẹ bá wa sún mọ́ yanrìn"?

Bàbá Ìbídùn ló ta Hílọ́ọ̀sì wa.
Ọdún mẹ́sàn-án ló fi fa ẹ̀rọ yẹn,
ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ìdí rẹ̀ ti dípẹtà,
kò wúkọ́ rí.
Ó ní owó kan náà ni, òun kàn fi díẹ̀ lé e.
Ó ní, "Wo ẹnjíìnì! Pílọ́ọ̀gì mẹ́jọ!"
Mo wò ó. Ó dán.
Mo bi í pé èló ni táyà rẹ̀ kan.
Ó ní kí n má ba ọjọ́ náà jẹ́.

Oṣù àkọ́kọ́, irọ́ kọ́, ó fà.
Ó fa ẹ̀rọ bí ẹni fa ọmọ lọ́wọ́ lọ sílé ìwé,
n kò gbọ́ ariwo, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí mi lọ́rùn,
àwọn bíríkìlà ń pè mí ní Máàdáámù.
Mo fẹ́ràn ẹ̀. Kí n má purọ́.

Oṣù kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀.
A ó páàkì rẹ̀ ní òòró lálẹ́,
ilẹ̀ á mọ́, a ó bá a lórí àyà nínú àgbàlá
bí ọkọ ìyàwó níwájú àna.
Ta lò ń kí?
Àwa la jẹ gbèsè.
Rọ́bà afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ń jò.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtòkò,
ẹ̀rọ lẹ́yìn, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà nínú búùtù,
ó kọ̀.
Kò kú o. Ó kàn ní agbára òun kò ju báyìí lọ,
ó kọ ọ́ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù ní lẹ́tà róbótó.
A bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn.
Ọmọ oníbúrẹ́dì kan ló ju igbá sílẹ̀,
tó sáré gbé òkúta há táyà.
Abẹ́ òkúta la ń gbé, òkúta kì í wọ́n wa.
Òkun ló ti bọ̀;
kò sẹ́ni tó ròyìn òkè fún un.

Ràfíù, ní Láfẹ́nwá, sùn gbalaja sábẹ́ rẹ̀.
"Màámi, agbára ò tán nínú ẹ̀,
ọkàn ẹ̀ ni ò balẹ̀.
Kọ̀ǹpútà pọ̀ jù níbẹ̀:
bí eṣinṣin bá bà lé e, á fẹjọ́ sùn."
Ó yọ rọ́bà afẹ́fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
ó fi sípíríìnì onírin sí i,
èyí tí kò mọ̀ ju kó gbé ẹrù lọ.
Ó yí ọ́ìlì jíà, ó so rédíétọ̀ kékeré mọ́ ọn níwájú.
Owó tó gbà á tó ìdajì Hílọ́ọ̀sì.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi há abẹ́ àwo Bàbá Ìbídùn.
Ó kà á.
Kò béèrè ẹran lọ́jọ́ náà.

Báyìí, ó ń fà.
Kò rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀; gbogbo kòtò Àdátán
ni mo mọ̀ lórúkọ.
Lọ́jọ́ Ìsinmi ọkọ mi á fọ̀ ọ́, á gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì,
sìmẹ́ǹtì á sì tún bá a nídìí agbádá.
Iná kan ṣì ń tàn tí Ràfíù kò rí ìdí ẹ̀,
mo fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ lójú.
Ṣùgbọ́n n kò tíì ju òkúta ọmọ yẹn nù.
Ó wà nínú búùtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì;
bí mo bá ti ń gun òkè,
mo máa ń gbọ́ ọ tó ń yí gbirigbiri lẹ́yìn.