Géèjì

Mo tú ọ́ìlì dúdú sínú kẹ́ẹ̀gì,
mo da tuntun sí i, mo ka líta mẹ́rin,
láìpe Fálúà mekáníìkì
tó ń gbowó kó tó wojú ọkọ̀.

Mo fa géèjì yọ: gbígbẹ ló gbẹ.
Mo fi ìdajì líta kún un.
Mo yí ọkọ̀ padà, mo kọjú rẹ̀ sókè,
ọ́ìlì gun géèjì dé ọrùn.
Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Yèyé mi ń ṣa ẹ̀wà lójúde, kò tilẹ̀ gbójú sókè.
Ó ní, "Ẹ̀fọ̀n nìyí.
Ọsàn tó bá bọ́ lọ́wọ́ wa, ilé onílé la ti ń he é.
Ta ní í wọn nǹkan lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́?"

Mo wa ọkọ̀ dé pápá iléèwé,
mo pa iná rẹ̀ láàárín òpó bọ́ọ̀lù méjì,
mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, kí ọ́ìlì rọra sọ̀ kalẹ̀.
Mo nu géèjì, mo tì í wọlé, mo fà á.
Ó fi ìbú ìka kan kọjá àmì òkè:
ìdajì líta tí mo fi ti irọ́ lẹ́yìn.

Mo tún tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀.
Fálúà ń kọjá lórí ọ̀kadà.
Ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì,
kò dúró.