Iná Kékeré

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gun òpó ní Ògbómọ̀ṣọ́,
láti Tákié dé Apáké, wáyà wo ni kò mọ ọwọ́ mi?
Ní báyìí, ìdúró ni ogun mi.
Kí n tó rìn láti ilé dé mọ́ṣáláṣí
ẹsẹ̀ méjèèjì á ti di igi gbígbẹ,
n ó tẹ̀ síwájú, n ó gbára lé ọmọlanke ọlọ́mi,
bí ẹni ń wá owó tó já bọ́.
Àwọn ọmọ àdúgbò rò pé àgbà ń forí balẹ̀ fún àwọn.
Nínú ìrun, rúkúù ni mo fẹ́ràn jù.

Dókítà gbé fọ́tò egungun sójú fèrèsé,
ó ní ihò tí iṣan ń gbà kọjá níbàdí ti há.
Mo ní ó yé mi:
páìpù kò fẹ̀, wáyà ń fún ara wọn lọ́rùn.
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Oyèyọyin ló ń tọ́jú wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
ọwọ́ rẹ̀ kéré, kò bẹ̀rù ẹnì kankan.
Ó lẹ rọ́bà mẹ́rin mọ́ mi níbàdí, ó tutù bí àkèré,
ó ki wáyà wọn bọ ẹ̀rọ tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ.
"Bàbá, iná díẹ̀ ni o."

Iná díẹ̀.
Ìṣojú mi ni Rábíù ṣe kú sórí òpó ní Ìsàlẹ̀ Afọ̀n,
lọ́jọ́ tí wọ́n ní àwọn ti pa iná, tí wọn ò tíì pa á.
Ọwọ́ rẹ̀ kò tú lára wáyà.
Láti ọjọ́ náà, mi ò pe iná kankan ní díẹ̀ mọ́.

Mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú.
Kò ta mí. Ó ń rìn ni,
bí èèrà tó ń kó ọkà gba ẹ̀yìn ògiri.
"Ṣé kí n fi kún un?"
Mo ní kó fi kún un.
Ni NẸ́PÀ bá mú iná lọ!
Fáànù kú. Ẹ̀rọ kékeré ò kú, bátìrì ló ń jẹ.
Mo rẹ́rìn-ín títí rọ́bà kan fi ṣí.

Kò la ọ̀nà tó há, ọmọ náà ò purọ́ fún mi;
ó kàn ń bá ìrora tàkúrọ̀sọ
kó lè gbàgbé orúkọ mi fún wákàtí díẹ̀.
Lánàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró kí n tó dé mọ́ṣáláṣí.
Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni tẹ́lẹ̀.
Níbi ìdúró kejì mo gbójú sókè
wo òpó kan tí èmi gan-an gbé nàró;
ẹ̀gà ti hun ìtẹ́ sí i lórí.
Ẹ̀yìn tó há kì í fẹ́ kéèyàn wòkè.
Mo wò ó títí ó fi bá mi wí,
mo wá tẹ̀ síwájú, mo kí àwọn ọmọ.